Àgádágodo Orí Àwo Orin: Ẹni Tó Sanwó Ló Tì Mọ́ Ìta

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, Mark Russinovich, kọ̀wé síta nípa ohun tó bá pàdé nínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Irinṣẹ́ kan ló ń dán wò, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti máa wá ohun tó bá fara pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Irinṣẹ́ náà bá tú àwọn fáìlì kan síta tí ojú rẹ̀ kò rí rí. Ó tọ ipasẹ̀ wọn títí, ibi tó já sí kò sì sí lọ́kàn rẹ̀ rárá: àwo CD orin tó fi owó ara rẹ̀ rà ni, *Get Right with the Man*, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Van Zant kọ. Ilé-iṣẹ́ orin Sony BMG ló gbé àwo náà jáde, àwọn ni wọ́n sì fi ohun kan sínú rẹ̀ kí ẹni tó rà á má baà dà á kọ bó ṣe wù ú.

Báwo ni àwo tí a fi sẹ́nu ẹ̀rọ láti gbọ́ orin ṣe wọ inú kọ̀ǹpútà lọ jókòó láìgbàṣẹ? Ọ̀rọ̀ náà kò le bí a bá tú u ní ẹsẹẹsẹ. Ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fowó ra orin mọ̀ ọ́n, torí àwọn tó sanwó gan-an ni ìyà rẹ̀ jẹ. Àwọn tí wọ́n torí wọn ṣe é kò mọ̀ ọ́n lára.

CD kò bá àgádágodo wá sáyé

Philips ti ilẹ̀ Netherlands àti Sony ti Japan ló jọ ṣe àwo CD, ó sì dé ọjà lọ́dún 1982. Lábẹ́ dídán tí à ń rí lára rẹ̀, kòtò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ló kún ibẹ̀. Wọ́n tò tẹ̀léra lórí ìlà kan ṣoṣo tó ń yí láti àárín àwo lọ sí etí rẹ̀. Bí àwo ṣe ń yí, iná léésà inú ẹ̀rọ á máa tàn sórí ìlà náà. Bí iná yẹn ṣe ń ta padà láti orí kòtò yàtọ̀ sí bó ṣe ń ta padà láti ibi tó tẹ́jú, ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ń kà sí nọ́ńbà. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni orin. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, wọ́n wọn ìró ní ìgbà 44,100 fún etí ọ̀tún, wọ́n sì wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún etí òsì.

Nǹkan méjì mìíràn wà lórí àwo náà tó yẹ ká fi sọ́kàn, torí àwọn ni àwọn tó ṣe àgádágodo padà lò. Èkíní ni àtòjọ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwo, tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé orin mélòó ló wà níbẹ̀ àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni nọ́ńbà àfikún tí wọ́n pò mọ́ ti orin. Bí àwo bá họ tàbí tí ìdọ̀tí bá bò ó díẹ̀, ẹ̀rọ á fi nọ́ńbà àfikún yìí ṣírò ohun tó sọnù, orin á sì máa lọ geere.

Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àgádágodo, ìyẹn ohun tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ láti da orin kọ. Lọ́dún 1982, ta ni ìbá ronú kàn án? Ohun tó wà lórí àwo CD kan ju ohun tí kọ̀ǹpútà ilé ìgbà náà lè gbà lọ fíìfíì, ẹ̀rọ tó ń kọ CD sì jìnnà sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń parí lọ, MP3 ti sọ orin di fáìlì kékeré, ẹ̀rọ tó ń kọ CD ti wọ kọ̀ǹpútà ilé. Lọ́dún 1999, Napster dé, àwọn èèyàn tí kò mọra wọn rí bẹ̀rẹ̀ sí í pín orin fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀rù ba àwọn ilé-iṣẹ́ orin, ẹ̀rù náà sì nídìí. Olórin gbọ́dọ̀ jẹun, ẹni tó náwó sórí iṣẹ́ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rí èrè. Ìṣòro tó dojú kọ wọ́n ni pé àìmọye ẹ̀rọ CD ti wà nílé àti nínú mọ́tò àwọn èèyàn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tó ń jẹ́ àgádágodo. Bí wọ́n bá yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ CD padà, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn á di aláìwúlò. Àfi kí wọ́n wá àwo tí ẹ̀rọ orin á lè kà, tí kọ̀ǹpútà kò sì ní lè kà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àgádágodo kìíní: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba àwo jẹ́

Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ dá ni pé kí wọ́n fi àṣìṣe sórí àwo. Àwo CD lè ní ju apá kan lọ: orin ní apá kìíní, fáìlì kọ̀ǹpútà ní apá kejì. Apá kìíní nìkan ni ẹ̀rọ orin àtijọ́ ń kà. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ máa ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n bá fi apá kejì tó jẹ́ kìkì irọ́ sí ẹ̀bá etí àwo, kí orí kọ̀ǹpútà lè dàrú bó bá débẹ̀. Bí key2audio ti Sony ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Irú mìíràn ni Cactus Data Shield, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Midbar ti Ísírẹ́lì. Ìyẹn máa ń da àtòjọ ìbẹ̀rẹ̀ àwo rú, ó sì máa ń ki àṣìṣe bọ àárín nọ́ńbà orin.

Lọ́dún 2001, wọ́n fi Cactus sórí àwo *White Lilies Island* ti Natalie Imbruglia ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó rà á fariwo ta, ó sì di dandan fún BMG, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, láti gba àwo padà kí wọ́n sì fún wọn ní èyí tí kò ní àgádágodo. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, *A New Day Has Come* ti Celine Dion jáde ní Yúróòpù pẹ̀lú key2audio. Ẹni tó bá fi í sínú kọ̀ǹpútà iMac lè rí i kí kọ̀ǹpútà náà dákú, kí àwo sì há sínú rẹ̀ láìṣeé yọ.

Kọ̀ǹpútà nìkan kọ́ ló rí ìyọnu. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú mọ́tò àti ẹ̀rọ DVD ló jẹ́ pé irú ohun tó ń ka àwo nínú kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá, tí kò da orin kankan kọ rí láyé rẹ̀, á ra àwo tuntun, á gbé e sínú mọ́tò, mọ́tò á kọ̀ ọ́. Ìpalára mìíràn tún wà tí kì í tètè hàn. Nọ́ńbà àfikún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìhọ àti ìdọ̀tí ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Bí àwo bá ti ilé-iṣẹ́ gbé àṣìṣe bọ̀, apá kan ààbò yẹn ti lò tán kí oníbàárà tó gbé e délé. Ìhọ tí kì bá ti ṣe àwo gidi ní nǹkan kan lè wá sọ èyí di èyí tó ń ta pàrà.

Philips, tó wà lára àwọn tó bí CD, sọ ọ́ gbangba pé irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe CD, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé àmì CD sára. Ní 2002 yẹn kan náà, àwọn èèyàn ṣàwárí pé bí a bá fi máàkà kun etí àwo níbi tí apá kejì ti bẹ̀rẹ̀, iná léésà kò ní rí irọ́ ibẹ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà á sì ka orin láìsí wàhálà. Bí owó ṣe pọ̀ tó tí wọ́n ná sórí àgádágodo yìí, máàkà ọmọ iléèwé ló ṣí i.

Àgádágodo kejì: ètò tó ń wọ inú kọ̀ǹpútà

Nígbà tí bíba àwo jẹ́ kò yọrí sí rere, wọ́n yí ọwọ́ padà. Wọ́n fi orin sílẹ̀ bó ṣe yẹ kó wà ní apá kìíní, wọ́n sì kó ètò kọ̀ǹpútà sí apá kejì. Ayé ìgbà náà, bí a bá ti ki àwo bọ inú kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, Windows á wò ó bóyá ètò kan wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láìbi oníkọ̀ǹpútà. Autorun ni wọ́n ń pe àṣà yìí, òun sì ni ilẹ̀kùn tí àgádágodo kejì gbà wọlé. Ètò orí àwo á fi ara rẹ̀ sáàárín ẹ̀rọ tó ń ka CD àti àwọn ètò yòókù nínú kọ̀ǹpútà. Ètò mìíràn tó bá fẹ́ ka orin náà, ariwo lásán ló máa bá níbẹ̀. Ètò tí wọ́n fún oníbàárà nìkan ló lè gbé orin náà bó ṣe yẹ, ó sì níye ẹ̀dà tó gbà kí oníbàárà ṣe.

MediaMax ti ilé-iṣẹ́ SunnComm ni ọ̀kan nínú wọn. Ó wà lórí àwo *Comin' From Where I'm From* ti Anthony Hamilton lọ́dún 2003. Alex Halderman, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Princeton, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ̀wé síta pé ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì Shift mọ́lẹ̀ nígbà tó ń ki àwo bọ ẹnu ẹ̀rọ ti borí àgádágodo náà, torí bọ́tìnì yẹn ló ń dá autorun dúró. SunnComm ní àwọn máa pè é lẹ́jọ́, pé òfò tó kó bá àwọn ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n jáwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mìíràn ti gbọ́ ìhàlẹ̀ náà, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún MediaMax ṣe, ó burú sí i. Ó ti ń kó fáìlì sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó gbé àdéhùn síwájú oníbàárà pé ṣé ó gbà àbí kò gbà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ pé òun kò gbà, fáìlì náà ti wà nílé rẹ̀.

XCP: èyí tó ń sá pamọ́

Ètò tí oníkọ̀ǹpútà bá lè rí, ó lè yọ ọ́. First 4 Internet, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, wọ́n sì ṣe èyí tí kò ní ṣeé rí. XCP ni orúkọ rẹ̀, òun ni Sony BMG fi sórí àwo Van Zant tí Russinovich rà.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Nígbà tí a bá ṣí fódà kan lórí kọ̀ǹpútà, Windows ni à ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló wà níbẹ̀, òun ló sì ń dá wa lóhùn. XCP fi ètò kan tó ń jẹ́ aries.sys sí ojú ọ̀nà tí ìbéèrè àti ìdáhùn ń gbà kọjá. Fáìlì tàbí fódà yòówù tí orúkọ rẹ̀ bá fi $sys$ bẹ̀rẹ̀, aries.sys á yọ ọ́ kúrò nínú ìdáhùn kó tó dé ojú wa. Ó dà bí ìgbà tí àlejò kan yọ́ wọlé lóru tó sì ti bá mẹ́gáàdì dì í tán: baálé ilé ń béèrè ta ló wà nínú ọgbà, mẹ́gáàdì ń dáhùn pé kò sẹ́nìkan. Rootkit ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ètò yìí. Àwọn ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń lò ó.

Russinovich dán an wò. Ó ṣe ẹ̀dà Notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré tó wà nínú gbogbo Windows, ó fi $sys$ ṣíwájú orúkọ rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló pòórá. Ó tún rí i pé XCP ń pe ara rẹ̀ ní orúkọ tó jọ ti Windows, Plug and Play Device Manager, kí ẹni tó bá kàn án má baà fura. Ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì ló ń yẹ gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà wò, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló sì ń béèrè ọ̀rọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ pé àwo kankan kò sí nínú ẹ̀rọ. Agbára kọ̀ǹpútà tí oníkọ̀ǹpútà fowó rà ló ń jẹ. Nígbà tó wá yọ àwọn fáìlì náà, ẹ̀rọ tó ń ka CD pòórá lójú Windows. Òun mọ ibi tó máa fọwọ́ kàn kó lè padà. Ìyá arúgbó tó kàn fẹ́ gbọ́ orin Neil Diamond, tí àwo *12 Songs* tirẹ̀ náà ní XCP, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?

Bí ó ṣe jẹ olùgbọ́ níyà

Àwo méjìléláàádọ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Sony BMG fi XCP sí, èyí tí wọ́n sì tà nínú wọn ju mílíọ̀nù 2 lọ. Dan Kaminsky, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, yẹ àwọn sáfà tó ń wá àdírẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, ó sì rí èyí tó ju 568,000 lọ tó ti wá àdírẹ́sì tó jẹ mọ́ XCP. Ètò náà ń ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Sony pé àwo báyìí ni wọ́n ń gbọ́ níbí.

Ewu tó tóbi jù wá láti ibi tí wọn kò rò. Ohunkóhun tó bá ń jẹ́ $sys$ ni XCP ń bò mọ́lẹ̀, kì í ṣe fáìlì tirẹ̀ nìkan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Russinovich kọ̀wé tí àwọn oníwà ìbàjẹ́ ti tú fáírọ́ọ̀sì síta tó ń fi $sys$ jẹ́ orúkọ. Kọ̀ǹpútà tó bá ti ní XCP, XCP ló máa bá olè tọ́jú ẹrù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005 náà, Thomas Hesse, ọ̀gá kan ní Sony BMG, sọ lórí rédíò NPR pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ohun tó ń jẹ́ rootkit, kí ló wá kàn wọ́n níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Ẹni tí kò mọ orúkọ májèlé, májèlé ò ní torí ìyẹn má pa á.

Ẹni tó fẹ́ yọ XCP gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Irinṣẹ́ tí wọ́n wá fún un, Halderman àti ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, Ed Felten, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀: ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì yòówù tí ẹni náà bá yà sí lè fi ètò sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àtúnṣe burú ju ìbàjẹ́ lọ.

Orin náà kò sì ṣeé gbé sórí iPod, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gbé kiri nígbà náà. Ẹni tó bá kọ̀wé láti béèrè ọ̀nà àbáyọ, ilé-iṣẹ́ náà ló ń kọ́ ọ pé kó kọ orin náà sórí CD òfìfo, kó tún dà á padà sínú kọ̀ǹpútà. Tim Foreman, tó ń ta gìtá báàsì fún ẹgbẹ́ Switchfoot, fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fáwọn olólùfẹ́ wọn bí wọ́n ṣe máa yẹ àgádágodo orí àwo tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí olórin bá ń bá oníbàárà wá ọ̀nà ṣí àgádágodo tí wọ́n ní torí olórin ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, ó yẹ kí èèyàn bi ara rẹ̀ pé ta ni àgádágodo náà ń ṣọ́.

Àdéhùn tó bá àwo wá tún ní tirẹ̀ nínú. Bí olè bá jí àwo náà gbé, ó ní kí oníbàárà pa orin rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Kò fàyè gba kí orin náà wà lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́. Ó sì ka mímú un jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè tí ẹni náà ń gbé léèwọ̀. Ọmọ Yorùbá tó ra irú àwo yẹn ní Houston, tó wá kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìbàdàn, ti rú àdéhùn kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù.

Ìdájọ́

Láàárín oṣù Kọkànlá 2005, Sony BMG kó àwọn àwo XCP kúrò lórí àtẹ, wọ́n sì ní kí àwọn tó rà á mú un wá gba òmíràn. Ìpínlẹ̀ Texas pè wọ́n lẹ́jọ́, EFF, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà, náà pè wọ́n lórúkọ àwọn oníbàárà. Ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí ìparí ẹjọ́ àwọn oníbàárà ní oṣù Karùn-ún 2006: ẹni tó ra àwo XCP á gba àwo mímọ́, ó sì lè yan dọ́là 7.50 pẹ̀lú àwo orin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí àwo orin mẹ́ta láìgba owó. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2007, FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kí wọ́n san tó 150 dọ́là fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bà jẹ́ níbi tó ti ń gbìyànjú láti yọ ètò náà.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kó ká gbogbo wa lára. Ó tó oṣù kan tí Halderman àti Felten ti mọ̀ nípa XCP kí Russinovich tó kọ̀wé. Wọn kò sọ ọ́ síta, torí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ni wọ́n ṣì wà. Òfin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ DMCA, tó jáde ní 1998, sọ ṣíṣí àgádágodo orí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn di ẹ̀ṣẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí irú ìhàlẹ̀ ọdún 2003 tún dé. Odidi oṣù kan ni àwọn olùgbọ́ fi ń ki àwo bọ kọ̀ǹpútà láìmọ̀, nígbà tí àwọn tó lè kìlọ̀ fún wọn ń ṣọ́ ẹnu ara wọn. Ní ìparí 2006, ìjọba fún àwọn onímọ̀ ààbò ní àyè láti máa yẹ irú àwo bẹ́ẹ̀ wò láìbẹ̀rù.

Ìdí tí kò fi lè ṣiṣẹ́, àti ohun tó kù fún wa

Orin tí etí bá máa gbọ́, ó di dandan kó jáde gẹ́gẹ́ bí ìró. Ohun tó bá sì ti jáde, a lè gbà á sílẹ̀. Nínú mílíọ̀nù èèyàn tó ra àwo, ẹnì kan péré tó mọ bọ́tìnì Shift ti tó láti gbé orin náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní rí àgádágodo kankan. Ẹni tó sanwó nìkan ló máa bá a jà. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà rí i níkẹyìn: EMI dá a dúró lórí CD tirẹ̀ ní 2007, nígbà tó sì di 2009, iTunes ń ta orin láìsí àgádágodo.

Àgádágodo náà kò kú o. Ó ti kó lọ sórí fóònù. Orin tí a gbà sílẹ̀ lórí Spotify tàbí Apple Music ti wà nínú fóònù wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a kò bá san owó oṣù mọ́, kò ní ṣí. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún wa kí a tó sanwó, tí a sì gbà. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ Sony BMG kò ju pé wọn kò sọ, wọn kò béèrè, wọn kò sì jẹ́ kí a lè yọ ọ́. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ló yẹ ká máa bi gbogbo ẹni tó bá ń ta ohun tó máa wọ inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù wa: kí ló wà nínú rẹ̀, ṣé ẹ máa gbàṣẹ kó tó wọlé, ṣé mo lè lé e jáde lọ́jọ́ tí mi ò bá fẹ́ ẹ mọ́? Bí ìdáhùn kò bá ṣe tààrà, ká dá owó wa padà sápò.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù, Stewart Baker, òṣìṣẹ́ àgbà kan ní iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé Amẹ́ríkà, rán àwọn ilé-iṣẹ́ orin létí pé lóòótọ́ àwọn ló ni orin, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ni kọ̀ǹpútà. Èmi náà gbà pé kí ẹ̀tọ́ olórin pé pérépéré, kí olè orin sì jìyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yẹn kò sọ ẹnikẹ́ni di onílé nílé ẹni tó ra orin.